Táyà mẹ́ta tí mo dán wò nínú ẹrẹ̀ Kàbà, àti géèjì kékeré tó ṣe iṣẹ́ jù wọ́n lọ

Okun o, gbogbo ilé. Látìgbà tí mo ti gbé fọ́tò kẹ̀kẹ́ mi síta, èyí tí ẹrẹ̀ bò títí dé ìjókòó, ni wọ́n ti ń bi mí pé táyà wo ni mo fi ń rìn nínú irú ẹrẹ̀ yẹn, mo ní ẹ jẹ́ kí òjò lọ ná torí mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ohun tí mi ò tíì lò dáadáa. Òjò ti ń lọ báyìí. Táyà mẹ́ta ni mo lò láti oṣù Kẹfà títí wọ oṣù Kẹwàá, ní Kàbà níbí, lọ́nà oko, àti ní pápá tí àwa bíi mẹ́jọ ti máa ń sáré yípo ní Sátidé. Màá sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe rí, ṣùgbọ́n kí n tètè là á kí ẹnikẹ́ni tó lọ náwó: tóo bá lówó ohun kan ṣoṣo, géèjì ni kóo rà. Géèjì kékeré tí wọ́n fi ń wo iye atẹ́gùn tó wà nínú táyà. Táyà lè tẹ̀ lé e tó bá yá.

Ẹni tí ò bá mọ irú kẹ̀kẹ́ tí mò ń sọ, cyclocross ni wọ́n ń pè é. Ó jọ kẹ̀kẹ́ eré orí títì, ọwọ́ ẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ bíi ìwo àgbò, ṣùgbọ́n àyè tó wà láàárín táyà àti fọ́ọ̀kì ẹ̀ pọ̀ kí ẹrẹ̀ lè rí ibi gbà kọjá. Àwọn ará Belgium ló fẹ́ràn eré yẹn jù, ìgbà òtútù wọn ni wọ́n ń sá a, nínú pápá, nínú igbó, nínú iyanrìn, nínú ẹrẹ̀, ìyípo kan máa ń tó kìlómítà 2 àbọ̀ sí 3 àbọ̀, àwọn ọkùnrin tó dáńgájíá á máa yí i po títí bíi wákàtí kan á fi pé, ibi tí kẹ̀kẹ́ ò bá ti ṣeé gùn wọ́n á gbé e kọ́ èjìká wọ́n á sáré. Ẹrẹ̀ pọ̀ débi pé wọ́n máa ń ní ju kẹ̀kẹ́ kan lọ, tí èyí tí wọ́n ń gùn bá ti kún, wọ́n á já a sílẹ̀ fún ẹni tó máa fomi fọ̀ ọ́, wọ́n á fa òmíràn. Táyà ò sì gbọdọ̀ fẹ̀ ju mílímítà 33 lọ nínú eré tí UCI bá ń darí, ìyẹn àjọ tó ń mójú tó eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé. Ìdí tí ẹ fi máa ń rí 33 lára ọ̀pọ̀ táyà yẹn nìyẹn. Àwa níbí ò lẹ́ni tó ń wọn táyà ẹnikẹ́ni, ó wù ọ́ kóo lo 40 tó bá ti lè gba inú fọ́ọ̀kì ẹ.

Kí n tó dé orí táyà, ẹ jẹ́ ká sọ ti ẹrẹ̀ fúnra ẹ̀, torí ẹrẹ̀ Kàbà kì í ṣe oríṣi kan. Ilẹ̀ pupa wa, ti ẹ̀gbẹ́ títì àti ti ọ̀nà oko, tí òjò bá rọ̀ sí i òkè ẹ̀ nìkan ló ń di ẹrẹ̀, abẹ́ ẹ̀ ṣì le koko, nítorí náà yíyọ̀ ló máa ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Èyí ò le jù, táyà tó bá rọ̀ díẹ̀ á mú un. Èyí tó ń dá wa lóró ni ti àkùrọ̀, ilẹ̀ dúdú ìsàlẹ̀ yẹn. Tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá tí omi ṣì wà lórí ẹ̀ kò burú, omi yẹn á máa fọ ẹrẹ̀ kúrò lára táyà bóo ṣe ń lọ, ṣùgbọ́n jẹ́ kí oòrùn ràn sí i fún wákàtí méjì péré, ó ti di iyán nìyẹn, á lẹ̀ mọ́ táyà, á fa koríko mọ́ra, koríko àti ẹrẹ̀ á lọ́ mọ́ra wọn bí okùn, gbogbo ẹ̀ á lọ kó sáàárín táyà àti fọ́ọ̀kì. Sátidé kan nínú oṣù Keje ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mi kọ̀ kò yí mọ́ rárá, mo sọ̀ kalẹ̀, mo fi igi gún èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ búréèkì, ó jáde lódidi, ó tẹ̀ kọrọdọ bí ìrísí táyà gan-an, ojú ibi tí eyín táyà ti tẹ̀ ẹ́ hàn lára ẹ̀ ní ìlà-ìlà, koríko sì yọ lára ẹ̀ bí irun. Mo gbé e lọ́wọ́, ó wúwo tó bíríkì àbọ̀. Ẹ wá rò ó pé nǹkan tí mo ń wà kiri nìyẹn látàárọ̀.

Táyà àkọ́kọ́ ni èyí tó bá kẹ̀kẹ́ wá, tòkunbọ̀ ni kẹ̀kẹ́ náà. 32 ni, àárín ẹ̀ wẹ́wẹ́ bíi ojú fáìlì tí wọ́n fi ń pọ́n àdá, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ nìkan ló ní eyín díẹ̀. Ọ̀gbẹlẹ̀ àti iyanrìn ni wọ́n ṣe irú ẹ̀ fún. Ó ń sáré lórí títì, lórí ilẹ̀ pupa tó gbẹ ó dùn ún gùn gan-an, nínú ẹrẹ̀ ṣá kò ní ohun tó máa fi di ilẹ̀ mú, tóo bá ti tẹ pẹ́dàlì pẹ̀lú agbára ẹ̀yìn á máa yí lójú kan. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ẹ̀. Mo tọ́jú ẹ̀ de ẹ̀ẹ̀rùn.

Ti èkejì ni mo fojú winá lé lórí. Mo lọ sí Ìlọrin, mo lọ bá ẹni kan tó ń ta ohun èlò kẹ̀kẹ́, mo ní táyà 700 ni mo fẹ́, ó ní kò sí ohun tó ń jẹ́ 700, pé 28 náà ni, pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Mo gbà á gbọ́. Mo gbé méjì wá sí Kàbà, mo jókòó tì í láti ìrọ̀lẹ́ títí tí wọ́n fi mú iná lọ, kò dúró lórí rìímù, ó tóbi jù, ó kàn ń mì lórí ẹ̀. Ìgbà tí mo wá fi tọ́ọ̀ṣì wo nọ́ńbà kéékèèké ara ẹ̀ ni mo rí i: 635 ló wà lára táyà, 622 ló wà lára rìímù mi, ìyẹn ìbú ibi tí táyà ti ń jókòó lórí rìímù, ní mílímítà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa torí ó máa gba ẹlòmíì lọ́wọ́ ìnáwó: 28 x 1½, ìyẹn ti kẹ̀kẹ́ àwọn bàbá wa, kẹ̀kẹ́ gíga dúdú ayé àtijọ́ yẹn, 635 ni. 700 tí wọ́n fi ń ṣe kẹ̀kẹ́ eré, 622 ni, 29 tí wọ́n ń fi sára kẹ̀kẹ́ orí òkè náà 622 ni, nítorí náà táyà 29 tó bá tín-ín-rín tó lè wọ rìímù 700. 26 tó wọ́pọ̀ níbí, tí ẹ ń rí lára kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ iléèwé, 559 ni. Ẹ má bi ẹni tó ń tà á léèrè, ẹ yí táyà náà wò, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́ta yẹn lára ẹ̀, ẹ fi wé ti rìímù yín. Mo padà lọ, ẹni yẹn ò dá owó mi padà, ó ní kí n fi owó kún un kí n fi gba òmíràn. Ó dùn mí títí dòní torí kì í ṣe pé mo fẹ́ gba ọ̀fẹ́, nọ́ńbà ni mo bi í.

Òmíràn tí mo wá gbà yẹn, 700 x 35, ₦13,500 ọ̀kan, eyín ẹ̀ ga díẹ̀ ṣùgbọ́n wọ́n sún mọ́ra wọn bí eyín àgbàdo. Rọ́bà ẹ̀ le. Tóo bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láìsí atẹ́gùn nínú ẹ̀ gan-an ó ń bá ẹ jà, òwú tí wọ́n fi hun inú ẹ̀ nípọn. Lọ́nà oko ó gbìyànjú, ẹ̀gún ò tètè gún un, mo gbóríyìn fún un níbẹ̀. Nínú àkùrọ̀ ẹrẹ̀ kì í já bọ́ lára ẹ̀, àárín eyín ẹ̀ á kún, á dán, ó ti di táyà tí kò léyín nìyẹn.

Ẹ̀kẹta ni táyà ẹrẹ̀ gidi, 33, ẹ̀gbọ́n mi kan tó wà ní Jámánì ló fi ránṣẹ́. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, torí ìrísí eyín ẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irú ẹ̀ pọ̀: Challenge ń ṣe ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Limus, Dugast náà ní Rhino, ọwọ́ ni wọ́n fi ń rán tiwọn. Gbogbo wọn jọra. Eyín gíga, eyín ṣókí, tó jìnnà síra wọn débi pé ìka ọwọ́ mi wọ àárín ẹ̀, ti ẹ̀gbẹ́ tún ga ju ti àárín lọ kóo má bàa yọ̀ tóo bá ń yí kọ́nà. Jíjìnnà yẹn ló ṣe pàtàkì, kí ẹrẹ̀ lè máa já bọ́ bí táyà ṣe ń yí. Inú ẹ̀ rọ̀ bí aṣọ, òwú ẹ̀ tín-ín-rín, ó pọ̀.

Mo dè é, mo gbé e lọ bá bàbá fọ́kánáísà wa pé kí wọ́n bá mi fẹ́ ẹ, Sátidé dé, mo bọ́ sí pápá, mo sì yọ̀ ju bí mo ṣe yọ̀ pẹ̀lú ti ₦13,500 lọ. Ó yà mí lẹ́nu. Àbúrò mi kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ 26 lásán kọjá lára mi, ó ní "bọ̀ọ̀dá, táyà yín le bí igi," ó fi ọwọ́ kàn án, òótọ́ ni. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé mo máa ra géèjì tèmi. ₦11,000 ni, ó kéré tó inú àtẹ́lẹwọ́, láti 0 dé 60 psi ló kọ sí ojú ẹ̀ (psi ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka agbára atẹ́gùn inú táyà), psi kọ̀ọ̀kan ní ìlà tiẹ̀. Ìyẹn ni kí ẹ wá o, kì í ṣe ti mọ́tò tó lọ dé 160 tí ìlà kan á jẹ́ 5, ẹ ò lè fi ìyẹn mọ ìyàtọ̀ 27 sí 30, ibẹ̀ gan-an sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Mo gbé e lọ bá bàbá. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi géèjì ẹ̀ sí ọgbọ̀n, kó má jù bẹ́ẹ̀." Wọ́n ní, "Ọgbọ̀n ké? Ìwọ ọmọ yìí, táyà tó rọ̀ báyẹn rìímù ẹ ló máa jẹ." Mo ní ẹ máa bá mi ṣe é bẹ́ẹ̀ sà. Wọ́n tan ẹ̀rọ wọn, ó kù ùùù, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ géèjì wọn dúró sórí 30. Mo fi tèmi sí i: 41. A jọ wò ó. Bàbá yọ tiwọn, wọ́n fi aṣọ nu ẹnu ẹ̀, wọ́n tún fi sí i, 30 ló tún kọ. Wọn ò bínú rárá, wọ́n ní táyà tírélà àti ti ọ̀kadà ni àwọn ń fi ṣe, kò sẹ́ni tó ń bi àwọn léèrè 30. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ̀rọ yẹn náà lágbára jù fún táyà tín-ín-rín, ìfẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lè fi 10 kún un. Ó wá hàn sí mi pé ọjọ́ tí mo yọ̀ yẹn mo ti lè wà lórí 50. Láti ọjọ́ náà pọ́ńpù ọwọ́ ni mo ń lò nílé, mo máa ń fẹ́ ẹ kọjá iye tí mo fẹ́ díẹ̀, màá wá máa jò ó díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú géèjì títí á fi dé ibi tí mo fẹ́. Tí fáàfù yín bá jẹ́ èyí tín-ín-rín tí wọ́n ń pè ní Presta, ẹ ra idẹ kékeré tí wọ́n fi ń sọ ọ́ di irú ti ọ̀kadà, ẹ so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ yín, torí kò sí fọ́kánáísà kan láti Ìyàrá dé Ẹ̀gbẹ̀ tí mo ti rí i lọ́wọ́ ẹ̀.

Kí ló dé tí rírọ̀ fi dára nínú ẹrẹ̀? Ìṣirò ẹ̀ ò le. Èmi kílò 72, kẹ̀kẹ́ bíi 10, ẹ fi bíi 45 sórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ní psi 60, ibi tí táyà fi kan ilẹ̀ ò ju bíi ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 11 lọ. Ní 30 ó di ìlọ́po méjì, bíi 21. Eyín tó ń di ilẹ̀ mú náà di ìlọ́po méjì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, táyà tó rọ̀ á tẹ̀ lórí gbòǹgbò àti òkúta dípò kó ta ẹ́ sókè, àti pé bó ṣe ń tẹ̀ tó ń nà ló ń gbọn ẹrẹ̀ kúrò láàárín eyín ẹ̀. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀: mo dá táyà ₦13,500 yẹn padà sí kẹ̀kẹ́, mo gbé e sí 30, ó dára ju bí táyà ẹrẹ̀ gidi ṣe rí ní 50 lọ. Ọ̀nà kan náà, ẹrẹ̀ kan náà, ọjọ́ kan náà, torí mo tún táyà dè níbẹ̀ lábẹ́ igi. Ohun tí mo ṣe sọ pé géèjì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ó ní ibi tó ń mọ. Mo ń wálẹ̀, 35, 30, 28, ó ń dùn sí i, mo dé 24, mo rò pé mo ti rí i. Níbi tí ọ̀nà oko ti gba orí àpáta kọjá mo gbọ́ kò! tí rìímù kan òkúta, kò tó ìṣẹ́jú kan ẹ̀yìn ti tẹ̀ pẹrẹsẹ. Mo yọ túúbù, ihò méjì ló wà lára ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ibi tí ejò bu èèyàn jẹ. Kì í ṣe ẹ̀gún ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀, rìímù àti òkúta ló há túúbù sáàárín. Ọ̀rọ̀ bàbá fọ́kánáísà lórí rìímù kì í ṣe asán, ó kàn jẹ́ pé ibi tí wọ́n fà á sí ga jù. Àwọn tó ń sáré ní Belgium tí ẹ ń gbọ́ pé wọ́n ń lo 20, kódà kó dín sí i, táyà tí wọ́n rán pọ̀ mọ́ túúbù ẹ̀ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ rìímù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò, etí rìímù ẹ̀ kì í tètè gé e. Ẹ má fi nọ́ńbà wọn ṣe ara yín pẹ̀lú túúbù lásán. Èyí tí kò ní túúbù rárá, tí wọ́n ń da omi funfun sínú ẹ̀, náà lè wálẹ̀ ju ti túúbù lọ, ṣùgbọ́n ooru wa níbí ń tètè gbẹ omi yẹn, kò sì rọrùn láti rí rà, nítorí náà mi ò tíì bá a dé ibẹ̀.

Ibi tí mo wá dúró sí: 27 níwájú, 30 lẹ́yìn, fún èmi kílò 72 pẹ̀lú túúbù, nínú ẹrẹ̀ tí kò ní òkúta. Tí ọ̀nà bá máa gba orí àpáta, mo ń fi 5 kún méjèèjì. Ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ máa ju iwájú lọ díẹ̀ torí ẹ̀yìn ló gbé ẹrù. Àbúrò wa kan tí kò ju kílò 58 lọ ń lo 23 àti 25, kò tíì há túúbù rí. Ẹni tó bá tó kílò 90 kó bẹ̀rẹ̀ láti 35, kó máa wálẹ̀ ní ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ máa wò ó ní pápá, kì í ṣe nílé ní kùtùkùtù, torí tí ooru bá fi digirì 10 kún un, táyà tó wà ní 30 á lé sí bíi 31 àbọ̀. Ẹ sì má fi ìka tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ ní ẹ ti mọ̀. Táyà tí òwú ẹ̀ nípọn máa le lọ́wọ́ ní 25, èyí tí òwú ẹ̀ tín-ín-rín á rọ̀ lọ́wọ́ ní 35, ìka ò mọ ìyẹn.

Nígbà tí mo wá gbé táyà ẹrẹ̀ gidi yẹn sí 27 àti 30, ẹ̀yin èèyàn mi, mo gbádùn. Kọ́nà tó wà lẹ́bàá àkùrọ̀, èyí tí gbogbo wa máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí látọjọ́ yìí, mo gùn ún kọjá. Mo padà lọ gùn ún lẹ́ẹ̀mejì sí i kó má lọ jẹ́ pé ó ṣèèṣì. Mo ń gbọ́ bí ẹrẹ̀ ṣe ń já bọ́, pò, pò, pò, lára irin abẹ́ ìjókòó. Torí pé 33 ni kò fẹ̀ tó 35, àyè inú fọ́ọ̀kì pọ̀ sí i, bíríkì koríko yẹn ò tètè dí i. Mọ́gáàdì ni kẹ́ ẹ yọ kúrò ṣá, ìgbà òjò kọ́ ni ìgbà mọ́gáàdì nínú àkùrọ̀.

Àléébù ẹ̀ náà wà. Lórí títì ọlọ́dà ó ń pariwo wùùù, ó lọ́ra, eyín gíga yẹn ń tẹ̀ sábẹ́ ẹ nínú kọ́nà bíi kóo dúró lórí tìmùtìmù, ọ̀dà sì ń jẹ ẹ́ kíákíá. Mo fi gun títì lọ sọ́nà Ọbájànà lẹ́ẹ̀kan, mi ò ní ṣe é mọ́, pẹ̀lú bí tírélà símẹ́ńtì ṣe ń fẹ́ kọjá lára èèyàn níbẹ̀ kò yẹ kéèyàn wà lórí táyà tó ń mì. Ẹni tó jẹ́ pé orí títì ló ti ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ kó má rà á, ti ₦13,500 yẹn ní psi 45 tó fún un dáadáa.

Ti ẹ̀yìn ti ń jẹ báyìí, eyín àárín ẹ̀ ti dín sí ìdajì, ti iwájú ṣì mú. Mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi kó tún fi ẹyọ kan ránṣẹ́ kí òjò oṣù Kẹrin tó bẹ̀rẹ̀, màá de tuntun síwájú, màá sún ti iwájú yìí sẹ́yìn.